Ta Ló Ń Jẹ Ẹran Inú Ọbẹ̀ Ìyá Dàpọ̀?

Nígbà tí a gbé Dàpọ̀ sórí òṣùwọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta tí kò sì wúwo sí i, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Àgùnbánirọ̀ ni mí nígbà náà, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Odode, Ìdànrè. Ọmọ oṣù mẹ́wàá ni Dàpọ̀. Bí nǹkan kò bá yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó ní láti gbé e lọ sí ọsibítù ńlá l'Ákùúrẹ́. Ẹ̀bi ara mi ni mò ń dá, torí èmi ni mo sọ fún ìyá rẹ̀ ohun tó yẹ kí ọmọ náà máa jẹ.

Mo ti ṣàlàyé fún un pé àwọn èròjà kan wà tí à ń pè ní àmínò ásíìdì, àwọn ni ara fi ń kọ́ iṣan. Mẹ́sàn-án wà nínú wọn tí ara kò lè ṣe fúnra rẹ̀, àfi ká jẹ wọ́n, gbogbo wọn ló sì pé sínú ẹran. Mo ti fi àlàyé yẹn dánra wò níwájú dígí. Ìyá Dàpọ̀ ní ojoojúmọ́ lòun ń se ẹran.

Nọ́ọ̀sì àgbà wa, tó kù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, rí omi lójú mi. Ó ní kí n jókòó, ó wá kọjú sí obìnrin náà.

"Tí ẹran yẹn bá jinná, ta ló ń jẹ ẹ́?"

"Bàbá ẹ̀ ni, mà. Ọmọ tí ò tíì léyín tó? Omi ẹran ni mò ń fún un. Ṣebí ibẹ̀ lagbára ẹ̀ wà."

Ojú tì mí gan-an. Omi ẹran dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú ẹran gan-an ni ọ̀pọ̀ èròjà náà ṣẹ́kù sí, èmi kò sì béèrè.

Nọ́ọ̀sì kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó ní kí ó máa gún ẹran tó jinná kúnná nínú odó, kí ó pò ó mọ́ ògì. Lọ́jọ́ tí kò bá sí ẹran, kí ó fi ẹ̀wà lílọ̀ pò ó, torí èròjà tí kò pọ̀ tó nínú àgbàdo tí a fi ń ṣe ògì wà dáadáa nínú ẹ̀wà.

"Sọ fún bàbá ẹ̀ pé omi ẹran ti kàn án."

Lọ́sẹ̀ kejì, Dàpọ̀ ti wúwo sí i díẹ̀. Mo sunkún ayọ̀, mi ò sì tijú.

Nọ́ọ̀sì ti fẹ̀yìn tì báyìí, èmi sì ti di òṣìṣẹ́ níbí. Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Dàpọ̀ máa ń wá bá mi kọ́ àwọn ìyá tuntun. Bí ẹnìkan bá ní òun ń se ẹran, kí n tó la ẹnu, yóò ti bi í pé: "Ta ló ń jẹ ẹ́?"