Sukudíráfà Bàbá Kíkẹ́

Kò sí ibi tí Kíkẹ́lọmọ ti lu pìánò tí kò ní sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a jókòó, wọn a lù ú, wọn a tẹríba, wọn a gba ilé wọn lọ. Tirẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá lù ú tán, á dìde, á bi àwọn èèyàn pé kí ni wọ́n gbọ́, á ṣàlàyé bí orin náà ṣe ń rìn, títí oorun á fi máa kun ẹni tó wá torí ìpápánu. Ní àwọn gbọ̀ngàn ńlá ti Erékùṣù Èkó, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ti pọ̀ jù. Kò torí ìyẹn jáwọ́.

Àgídìngbì ni wọ́n bí i sí. Ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ẹ̀yìn ilé wọn ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan dùùrù, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kanlẹ̀ lórí àga. Bàbá rẹ̀, Ayọ̀tọ́lá, ló máa ń gbé e jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti di olórin tí wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ sára ìwé ìpolówó, bàbá yìí ò yọjú rí. Ọdún kẹsàn-án rèé. Lónìí ẹsẹ̀ ń dùn ún, lọ́la ó ní ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Kíkẹ́lọmọ gbà pé bàbá òun ka orin òun sí orin àwọn olówó. Ó dùn ún wọra. Ẹni tó ń kọ́ gbogbo ayé bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin, kò rí bàbá tirẹ̀ mú jókòó.

Ìdí nìyẹn tó fi lọ tọrọ àyè ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Oregun, níbi tí bàbá ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tún ẹ̀rọ ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Ó rò ó pé bí òun bá gbé pìánò lọ síbẹ̀, bàbá ò ní rí àwáwí ṣe. Wọ́n fún un ní àkókò ìjẹun ọ̀sán. Bàbá wá lóòótọ́, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá.

Kíkẹ́lọmọ lu orin rẹ̀ tán, bàbá ń wo ògiri. Ó ní kí wọ́n bi òun ní ìbéèrè, ìró ṣíbí nìkan ló ń gbọ́. Nígbà tó yá, Hàmdálàt, ọ̀kan nínú àwọn tó ń di bisikíìtì sínú páálí, nawọ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà nínú ẹ̀?"

Ẹnikẹ́ni ò bi í bẹ́ẹ̀ rí. Kíkẹ́lọmọ yọ pákó iwájú pìánò kúrò, ni gbogbo wọn bá fi oúnjẹ sílẹ̀. Wọ́n rí okùn irin tó pọ̀ jáǹrẹrẹ, àti àwọn òòlù kéékèèké tí wọ́n fi aṣọ wé lórí. Ẹnìkan fẹ́ mọ èyí tó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́. Ẹlòmíràn béèrè ibi tí wọ́n ń ta òróró sí. Inú Kíkẹ́lọmọ dùn débi pé ó gbàgbé bàbá rẹ̀.

Àfi bí wọ́n ṣe ń yàgò lọ́nà. Bàbá ń bọ̀, ó mú sukudíráfà gígùn kan dání. Àwọn àgbà ibẹ̀ mọ irin náà dáadáa. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣàìsàn, Bàbá Kíkẹ́ á fi ẹnu sukudíráfà kan ara ẹ̀rọ náà, á fi èèkù rẹ̀ ti eegun ẹ̀yìn etí, á sì sọ ibi tó ń dun ẹ̀rọ. Ó fi ẹnu sukudíráfà kan ara pìánò, ó fi èèkù rẹ̀ ti ẹ̀yìn etí.

"Lù ú."

Kíkẹ́lọmọ tún orin náà lù láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá dijú. Omi ń jáde lójú rẹ̀, kò nù ún.

"Ẹ̀rọ ibí ti gba etí mi, Kíkẹ́," ló wí. "Bí wọ́n bá pariwo sí mi, mò ń gbọ́. Orin rẹ ni mi ò gbọ́ mọ́, àfi báyìí tó gba inú eegun wọlé. Ojú ló ń tì mí láti sọ."

Kíkẹ́lọmọ, ẹlẹ́nu púpọ̀, dá ọwọ́ padà sórí pìánò, ó ń bá orin náà lọ.

Aago iṣẹ́ dún, ẹnikẹ́ni ò mira. Hàmdálàt fọwọ́ kan èjìká bàbá, ó nawọ́ sí sukudíráfà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà gbọ́.

"Ní sùúrù," ni bàbá wí. "Mi ò tíì gbọ́ tán."