Àpótí Tí Mo Gbé Sórí Bẹ́ẹ̀dì

Láàárín ọdún 1970 sí 1979, tí wọ́n ń fi yanrìn dí àbàtà etí ọ̀sà, omi òjò kò níbi tó máa sá sí mọ́ àfi ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Bí ìjì bá tún ti ọ̀sà lẹ́yìn, ṣe ló máa wọlé láì kan ilẹ̀kùn.

Káfíńtà ni bàbá mi. Ó fúnra rẹ̀ kan agídìgbo kan, ó fi irin ayùn tó ti ṣẹ́ ṣe ahọ́n márùn-ún sí i lójú. Orí àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan ló máa ń jókòó sí lù ú. Ṣùgbọ́n màmá mi kì í pe agídìgbo lórúkọ. “Bàbá wọn, ẹ gbé àpótí yín kúrò lọ́nà o.” Ohun tó máa ń wí nìyẹn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ìjì dé. Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ní orin láti lù níbi ìsọmọlórúkọ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹni tí kì í ṣe aládùúgbò wa máa pè é. Ó ṣì wà níbi iṣẹ́ nígbà tí omi ń wọlé. Màmá mi ń gbọ́n omi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó pariwo sí mi pé, “Gbé àpótí bàbá ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì!”

Mo gbé e. Mo tilẹ̀ nu ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Nígbà tí bàbá mi dé, agídìgbo ń léfòó ní pálọ̀. Ó wo bẹ́ẹ̀dì.

“Ta ló tẹ́ àpótí mi sùn?”

“Mo ní kó gbé àpótí!” ni màmá mi wí.

“Ó kúkú gbé àpótí. Ìwọ lo kọ̀ tí o ò pe nǹkan mi lórúkọ.”

“Agídìgbo! Mo ti pè é báyìí, ṣé omi á jáde nínú ẹ̀?”

Ẹ̀rín pa bàbá mi, ó wá da omi inú agídìgbo náà nù. Mo ń yí i níwájú sítóòfù bí ẹni tó ń yan ẹja títí ó fi gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan ti ṣí. Bàbá mi fi ìṣó mẹ́ta kàn án.

Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ́jọ́ kejì, ohùn agídìgbo náà ti wálẹ̀ gan-an, ó há bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe. N kò lè gbójú sókè. Àgbàlagbà kan tó ń lé orin dákẹ́, ó tẹ́tí, ó wá fa ohùn tirẹ̀ náà wálẹ̀. Àwọn tó ń gbè é tẹ̀lé e.

“Ọ̀gá, níbo lẹ ti rí ohùn yìí?” ni àgbàlagbà náà bi bàbá mi.

“Inú ọ̀sà ni,” ni bàbá mi dáhùn.

Wọ́n rò pé àwàdà ló ń ṣe. Wọ́n ní kó tún un lù.