Kílò Mẹ́ta Tó Kù

Ẹni tó bá sọ fún yín pé kílò mẹ́ta ò tó nǹkan, ẹ bi í bóyá ó ti gbìyànjú láti lé wọn jáde lára rẹ̀ rí. Mẹ́rìnlá àkọ́kọ́ ò bá mi jà rárá. Mo fi iyán alẹ́ sílẹ̀, mo fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò sílẹ̀, láàárín oṣù méje mo ti kúrò ní mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, mo di mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró. Mẹ́ta tó kù yẹn jókòó sí mi lára bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Mo jẹ ẹ̀fọ́, wọn ò lọ. Mo febi sùn, wọn ò lọ.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà o. Orúnkún ọ̀tún mi ló bàjẹ́. Aránṣọ ni mí, ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹ máṣíìnì, ó sì ti di pé bí mo bá tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí kan, màá fi méjì sunkún. Àwọn dókítà kan máa ń wá sí ilé ìwòsàn kan lápá ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún láti ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún. Ọjọ́ márùn-ún péré ni wọ́n ń lò, wọ́n á lọ. Èyí tó yẹ̀ mí wò ní òun máa ṣe tèmi, àmọ́ mi ò gbọdọ̀ ju ọgọ́rin kílò lọ lọ́jọ́ tí mo bá dé. Mo ní mọ́kànlélọ́gọ́rin ńkọ́? Ó ní ọgọ́rin. Mo lè búra pé ọkùnrin yẹn ò rẹ́rìn-ín rí láyé rẹ̀.

Ìlú ò sì jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́dọ̀ wa ní Ìdáàṣà, obìnrin tó bá ń rù, bí kò bá jẹ́ pé àìsàn ń ṣe é, a jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ò fún un lóúnjẹ. Bí a bá jáde ní mísà, àwọn obìnrin á dì mọ́ mi, wọ́n á máa fọwọ́ tẹ apá mi wò bí ẹni tó fẹ́ ra adìyẹ: "Ṣé kò sí o? Ṣé ara le?" Ara le, ẹ fi mí sílẹ̀! Ìyá ọkọ mi gbọ́ ní Paouignan, ó gbé iyán wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀pà, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ta ló máa kọ oúnjẹ ìyá ọkọ rẹ̀? Mo jẹ ẹ́, mo dúpẹ́, mo sì ń ṣépè sínú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jìyà bẹ́ẹ̀ láìwọn ara mi. Ilé ìwòsàn jìnnà, kò sì sí ihò kan lójú títì tí àwọn oní-zémì tó ń kó èrò ò ní gbé alùpùpù wọn gbà kọjá. Orúnkún mi ò lè fara dà á. Mo bá ní kí ló dé tí mò ń yọ ara mi lẹ́nu? Ọkọ mi ń ra kajú. Tí àsìkò rẹ̀ bá dé, àwọn àgbẹ̀ abúlé Tré á gbé àpò wọn wá sójúde wa, ọkọ mi á wọ̀n ọ́n lórí báskúlù ńlá kan, irú òṣùwọ̀n onírin tí èèyàn lè dúró lé, á sì tà á fún àwọn oní-kámíọ̀nù akẹ́rù tó ń lọ sí Kútọnu. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlú wa, orí báskúlù kajú ni wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe wúwo tó, títí kan àwọn aboyún.

Mo gun un láàárọ̀ Sátidé kan. Ọkọ mi ló kà á fún mi. Ó ti irin rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó wò ó, ó wò mí, ó wo orúnkún mi, ó ní, "Ọgọ́rin géérégé." Mo pariwo! Mo dì mọ́ ọn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e ṣubú. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Kú iṣẹ́, ìyá àwọn ọmọ."

Mo gún iyán lọ́jọ́ náà, mo sì jẹ ẹ́ láìwo ẹ̀yìn. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí àwọn dókítà dé. Àràárọ̀ ni mò ń gun báskúlù, ọgọ́rin ni mò ń bá níbẹ̀, mi ò sì fìyà jẹ ara mi mọ́. Ó ti rẹ̀ mí.

Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, obìnrin tó ń wọn àwọn aláìsàn ní kí n bọ́ bàtà. Mo bọ́ bàtà, mo tú gèlè, mo bọ́ ẹ̀gbà ọrùn mi kún un. Ó ní mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Mo ní òṣùwọ̀n yín ti bàjẹ́. Ó ní kò bàjẹ́. Mo ní ó ti bàjẹ́, ọgọ́rin ni mo jẹ́ láàárọ̀ yìí kí n tó kúrò nílé! Ariwo mi pọ̀ débi pé dókítà tí kì í rẹ́rìn-ín jáde síta. Kò bá mi jiyàn. Ó ní kí wọ́n lọ gbé àpò ìrẹsì kan wá láti ilé ìdáná, èyí tí wọn ò tíì tú, tí wọ́n kọ kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sí lára. Wọ́n gbé e lé òṣùwọ̀n. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mo ní kí wọ́n tún un gbé. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Dókítà fa igi lé orúkọ mi. Ó ní ó di ọdún tó ń bọ̀. Obìnrin yẹn kọ kílò mi sórí káàdì, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó ní pẹ̀lẹ́. Mo ní kó máa mú pẹ̀lẹ́ rẹ̀ lọ sílé. Kò ṣẹ̀ mí, mo mọ̀, àmọ́ òun ló wà nítòsí.

Kí n tó délé, mo yà lọ́jà, mo ra irú àpò ìrẹsì kan náà. Oní-zémì tó gbé mi délé bá mi gbé e lé báskúlù ọkọ mi. Mẹ́rìnlélógún. Mo ní kó gbé e kúrò, kó tún un gbé lé e. Mẹ́rìnlélógún. Mo dúró síbẹ̀ nínú oòrùn, mo ń ṣírò. Bí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n bá dín ní ẹyọ kan, a jẹ́ pé àpò kajú tó bá wúwo tó èmi ń dín ní mẹ́ta. Láti ìgbà wo? Àpò mélòó?

Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ mi, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, bó ṣe wọlé ni mo ní, "Ìwọ, kí lo ṣe sí báskúlù yìí?" Kò tilẹ̀ ṣojo. Ó ní bí gbogbo olùrà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ó ní àwọn olùrà Glazoué ń yọ kílò márùn-ún nínú àpò kan, òun tilẹ̀ láàánú. Mo ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ lo kà á fún mi! O rí mi tí mò ń yọ̀, o ní kú iṣẹ́!" Ó ní, "Ta ló ní kó o gun un? Kajú ni mo rà á fún."

Kajú ló rà á fún! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọkùnrin! Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Gbólóhùn kan ló yẹ kó sọ fún mi láàárọ̀ Sátidé yẹn, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, màá mọ ohun tó ń ṣe. Ó wò mí, ó wo orúnkún mi, ó yàn pé kí n má mọ̀. Mi ò tíì forí ìyẹn jì í, mi ò sì mọ ọjọ́ tí màá forí rẹ̀ jì í.

Nígbà tí Sátidé tún pé, àwọn àgbẹ̀ ti tò sójúde wa. Ìyá mi wà láàárín wọn, nítorí Tré ló ń gbé, ó ní igi kajú díẹ̀, ọkọ mi ló sì ń tà á fún. Mo tiro jáde, mo lọ jókòó sórí báskúlù. Ọkọ mi ní kí n dìde. Mo ní mi ò dìde, kó wọ̀n mí, kó sì kà á sókè kí gbogbo ayé gbọ́. Ó wo èrò, ó wò mí, ó rí i pé mi ò ní kúrò. Ó ní, "Ọgọ́rin." Mo na káàdì ilé ìwòsàn sí obìnrin kan tó mọ̀wé nínú wọn. Ó kà á: mẹ́tàlélọ́gọ́rin.

Mo ní, "Ẹ ti gbọ́! Kílò mẹ́ta! Bó ṣe yọ ọ́ lára mi ló ń yọ ọ́ nínú àpò yín!"

Mò ń retí ariwo. Mò ń retí kí wọ́n sọ báskúlù sínú gọ́tà. Wọ́n kàn ń wọ́ àpò wọn sún mọ́ iwájú ni. Bàbá kan wúkọ́, ó ní, "Ìyàwó wa, oòrùn ti ń mú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká wọn tiwa."

Ìyá mi wá bá mi, ó fọwọ́ sí mi lábẹ́ apá láti gbé mi dìde. Mo ní, "Ìyá mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ? Ó ń ja ẹ̀yin náà lólè." Ó ní òun gbọ́, ó ní gbogbo àwọn ló mọ̀, ó ti pẹ́. Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ fún mi?"

Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ò yé.

"Ọmọ mi, a rò pé o mọ̀ ni. Ṣebí ìwọ lò ń jẹ ẹ́."