Orin Ìdìde Tí Wọ́n Tì Sẹ́yìn Orúkọ

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń kú, kó wá bi mí. Ọdún gbọọrọ ni mo fi ń kú lórí ìtàgé, ní Màpó, ní gbọ̀ngàn ilé ìwé, níbikíbi tí wọ́n bá ti lè to pákó fún wa. Ìyàwó ilé tí ẹbí ọkọ fún ní májèlé jẹ nítorí ilé ogún ni mo máa ń ṣe. Eré olórin ni. Orin ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ọ̀gá wa tó kọ ọ́ máa ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó wá aláwàdà lọ. Màá jẹun, màá máa kọrin bí inú ṣe ń run mí, màá ṣubú. Wọ́n á fi aṣọ funfun dì mí, wọ́n á gbé mi gba àárín àwọn òǹwòran kọjá, àwọn náà á sì máa gbe orin òkú lẹ́yìn wa. Lẹ́yìn náà ni màá dìde, màá ju aṣọ nù, màá kọ orin ìdìde.

Ìdìde yẹn ò sí nínú eré tí ọ̀gá kọ. Ìyá mi ló fi tipátipá mú un wọ ibẹ̀.

Ní àdúgbò wa ní Bẹ́yẹrúnkà, bí obìnrin bá kú nílé Mùsùlùmí, ìyá mi ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè kó wá wẹ̀ ẹ́, kó sì dì í. Ó ti wẹ ọ̀rẹ́, ó ti wẹ orogún, ó ti wẹ ọmọ tuntun. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fi aṣọ funfun dì mí nínú eré, ó ní, “Ẹni tí mo bá dì kì í dìde mọ́. Bí ìwọ bá máa wọ aṣọ yẹn lójú èèyàn, ojú wọn náà ni wàá ti dìde. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, o ò ní í lọ.” Ọ̀gá dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí, ìyá mi ò mira. Bí ọ̀gá ṣe lọ kọ orin ìdìde nìyẹn. Láti ìgbà náà, ìyá mi fúnra ẹ̀ ló máa ń dì mí lẹ́yìn aṣọ títa, á wá lọ jókòó níwájú pátápátá. Bí mo bá ti dìde báyìí, á pariwo “Alihamudulilai!” gbogbo gbọ̀ngàn á bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kan ṣoṣo tó wà nínú eré náà nìyẹn, ọ̀gá ò sì fẹ́ràn ẹ̀ rárá.

Nígbà tó yá, orí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dà rú. Á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, á tún fi sí i. Á ní kí n lọ pe bàbá mi wá jẹun, bàbá mi tó ti wà nínú sàrè tipẹ́. Ìyàwó lèmọ́mù wá bá mi ní kọ̀rọ̀ pé kí ìyá sinmi iṣẹ́ òkú wíwẹ̀. Mo jà, mo ní ta ló sọ pé ìyá mi ò mọ nǹkan tó ń ṣe mọ́? Ẹnu lásán ni. Èmi náà mọ̀. Eré ò yàtọ̀ sóòótọ́ lójú ẹ̀ mọ́. Tí mo bá ti ṣubú lórí ìtàgé, ẹkún gidi ló ń sun, àfi bó bá rí i tí mo dìde lọ́kàn ẹ̀ tó ń balẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ò ju ọ̀kan lọ: kó má lọ rí ikú mi lọ́jọ́ kan, kó má sì rí ìdìde mi.

Àwa ń bá ìyẹn yí, tíátà ń kú lọ. Àwọn èèyàn ò wá mọ́. Lọ́jọ́ kan, àwa òṣèré pọ̀ ju àwọn tó wá wò wá lọ. Ọ̀gá ní a máa sọ eré náà di sinimá. Inú mi dùn, kí n má purọ́. Mo ti ń rò ó pé ojú mi á wà lára ògiri láti Ọjà'ba dé Òkè Padre.

Àṣé ikú orí ìtàgé àti ikú inú sinimá, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ gba orin wa sílẹ̀ nínú yàrá kótópó kan. Bí wọ́n bá wá ń yàwòrán, wọ́n á gbé orin náà sí i, a ó máa lanu tẹ̀ lé ohùn ara wa. Mo bi ọ̀gá pé ta ló máa gbe orin òkú? Àwọn tó ń wo sinimá kì í gberin, gúgúrú ni wọ́n ń jẹ. Ó ní kámẹ́rà ló máa gbe é. Ó ní òun á gbé e sí mi lójú gbàgàdà, òun ò ní í gbé e kúrò títí òǹwòran á fi gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí ìtàgé, mo lè mí fìn-ín lábẹ́ aṣọ kí ẹnikẹ́ni má mọ̀, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ń rí mímí. Wọ́n fi òwú dí mi nímú, wọ́n fi àtíkè pa ètè mi dà. Agbo ilé kan ní Bẹẹrẹ la ti yà á, sàrè gidi ni wọ́n sì gbẹ́. Nígbà tí wọ́n fi hàn mí lórí ẹ̀rọ wọn, mo fà sẹ́yìn. Òkú ni mo rí. Mo ní kí wọ́n gbé e kúrò níwájú mi.

Ọ̀gá wá ní kò ní í sí ìdìde.

Áà! Mo sọ̀rọ̀ sí i lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ mọ ohun tí ìyá mi sọ. Ẹ ti dọ̀bálẹ̀ fún wọn rí.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n o ti rí ojú ara ẹ. Bí òkú yẹn bá dìde tó ń jó, ẹ̀tàn ni gbogbo ohun tí a ti ṣe. Wọ́n á máa rẹ́rìn-ín lọ sílé. Mo fẹ́ kí ó máa dùn wọ́n lọ ni.”

Ohun tó ń bí mi nínú ni pé òótọ́ ló ń sọ. Eré náà dára láìsí ìdìde. Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ nìkan ni, ǹ bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n mo ní ìyá nílé. A fà á títí, ó wá gbà pé òun á yà á, òun á fi sí ìparí pátápátá, lẹ́yìn tí orúkọ gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ bá ti kọjá tán. Mo ní kò burú. Ẹni tí wọ́n bá fún ní ìdajì kì í padà sílé lọ́wọ́ òfo.

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde, mo gbé ìyá mi wọ takisí láti Bẹẹrẹ lọ sílé sinimá lápá Òkè-Àdó. Nígbà tí mo ṣubú lójú pátákó ńlá yẹn, ó di ọwọ́ mi mú, èékánná ẹ̀ wọ̀ mí lára. Mo ń wí sí i létí pé, “Màámi, èmi rè é, ẹ fọwọ́ kàn mí.” Kò gbọ́. Orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, àwọn èèyàn dìde, wọ́n ń nu ojú, wọ́n ń lọ. Èmi àti ìyá mi ò kúrò lórí ìjókòó. Gbọ̀ngàn ṣófo tán kí n tó jáde lójú pátákó, tí mo ju aṣọ nù. Ìyá mi pariwo “Alihamudulilai!” Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo gbé e relé, ó sun oorun àsùn-wọra.

Mo rò pé ó ti parí. N ò mọ̀ pé sinimá kì í dúró síbi tí wọ́n bá gbé e sí.

Ẹnì kan tí a ò mọ̀ gé ibi tí mo ti ń kú nìkan, ó jù ú sórí fóònù. Láti fóònù dé fóònù, ó kárí ìgboro. Àwọn èèyàn ń fi ṣẹ̀fẹ̀, àwọn mìíràn ń fi ṣe wáàsí. Mo ń lọ ní Oríta-mẹ́rin, obìnrin kan fọwọ́ kọ́rí, ó ní, “Ẹ̀yin kọ́ lẹ kú ni?” Mo ní, “Èmi ni, mo wá ra ata.” Mo tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ọjọ́ yẹn náà ni. Bí mo ṣe gbé ata wọlé, mo bá ayálégbé wa ní ẹnu ọ̀nà, obìnrin kan tó fẹ́ràn wa gan-an. Ó káwọ́ lérí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo ní kí n fi ibi tí ẹ ti kú yẹn han ìyá lórí fóònù pé ẹ ti di gbajúmọ̀ ni. Wọ́n ní kí n tún un gbé sí i, mo tún un gbé sí i.”

Ìyá mi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ti pọn omi sí garawa, ó ti tẹ́ ẹní, kànìnkànìn tuntun àti aṣọ funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ojú ẹ̀ gbẹ. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ dákun, ẹ bá mi sún omi yìí. Ọmọ mi ló kú, wọn ò tíì gbé e dé.”

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Màámi, ẹ wò mí. Ọmọ yín rè é.”

Ó wò mí dáadáa, ó ní, “Ọmọ mi ni gbogbo yín. Èyí tí mo bí ni mò ń wí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìdìde. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má kọrin, wọn kì í kọrin sí òkú lára. Ó wá ń lọ sójú títì láti lọ wá ibi tí wọ́n gbé ọmọ ẹ̀ sí, kò wọ bàtà, kò wé gèlè. Kí ni n óò ṣe? Wọ́n ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara ẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ lórí ẹní yẹn, mo sì pa ojú dé.

Ó yí padà. Ó rí mi. Ó ní, “Áà, ọmọ mi rè é.”

Mo dúró, kò mọ̀ mí. Mo dùbúlẹ̀, ó dá mi mọ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ bí ó ṣe yẹ, ó ń ṣàdúà lábẹ́lẹ̀, ó fi omi ṣan ojú mi, ó ṣan apá, ó ṣan ẹsẹ̀. Kò ṣàṣìṣe níbì kankan. Omi ń bọ́ lójú mi, ó ń fi kànìnkànìn nù ún kúrò. Ó dì mí tán, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà lọ pe àwọn tó máa gbé mi. Ìgbà náà ni mo tú ara mi, mo jókòó.

Ó padà wọlé, ó wo ẹní. Ó ní, “Wọ́n ti gbé e lọ?”

Mo ní, “Wọ́n ti gbé e lọ, Màámi.”

Ó jókòó tì mí, ó fi etí aṣọ ẹ̀ nu ojú mi. Ó ní, “Ẹ má sunkún mọ́. Mo wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni?”

Mo ní mo mọ̀ ọ́n.