Lẹ́tà Tí Mo Kọ Nítorí Àparò

Àkọ́kọ́ nínú ohun tí wọ́n ṣe tí kò tọ́ ni pé wọ́n ti pinnu kí wọ́n tó pe ìpàdé. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Mowe fẹ́ dáná sun igbó tó wà lẹ́yìn ògiri ilé mi, ilẹ̀ tí ẹni tó rà á kò tíì kọ́ nǹkan kan sí. Alága ní àparò inú ibẹ̀ ń hú àgbàdo àwọn èèyàn jẹ, àti pé igbó tí àparò bá wà, ejò wà níbẹ̀. Nígbà tí mo nawọ́ láti sọ̀rọ̀, ó ní, “Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ẹyẹ kọ́ la wá sọ.” Bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló ti ń sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ bọ̀ láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ìyẹn ló mú mi kọ lẹ́tà. Ìmọ̀ nípa ẹranko ni mo kà ní yunifásítì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ girama ni mo ń kọ́ ní Èkó láti ìgbà náà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń wo àwọn àparò wọ̀nyẹn láti ojú fèrèsé ilé ìdáná kí n tó bọ́ sọ́nà. Mo mọ akọ àgbà wọn. Ẹ̀gún méjì bíi ti àkùkọ ló wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, ti òsì ku ẹyọ kan, èyí òkè ti kán.

Mo kọ ohun tí wọ́n ń jẹ: ikán, tata, èso koríko, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ wà jáde, èsúnsún tó bá tú lẹ́yìn òjò. Mo gbà pé wọ́n ń hú àgbàdo, torí n kì í parọ́ kí n lè borí, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn ín nìkan ni. Bó bá ti yọ ewé dáadáa, wọn kì í wò ó mọ́. Mo kọ ìgbà tí wọ́n ń jáde: bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, àti nígbà tí oòrùn bá ń rọ̀. Mo kọ pé wọn kì í fò bí wọ́n bá rí ọ̀nà sáré. Mo kọ pé orí òkìtì ikán tó wà lábẹ́ igi ìyeyè ni akọ ti ń ké, pé ọ̀nà tóóró kan náà ni wọ́n ń gbà láti ibẹ̀ lọ sí ojú ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ti ń fi eruku wẹra. Mo kọ ibi tí abo ti ń sàba lé ẹyin mẹ́fà nídìí ìtí koríko. Lójú ewé kẹta, mo ya àwòrán ilẹ̀ náà, mo sì fi bírò pupa fa ọ̀nà wọn. Inú mi ń dùn bí mo ti ń fà á. Ta ló máa já mi ní koro?

Kí n tó fi lẹ́tà náà fún akọ̀wé ẹgbẹ́, mo gbé e lọ bá ìyá arúgbó kan tó jẹ́ pé ìdílé wọn ló ni ilẹ̀ yìí kó tó di ti àwa ará Èkó. Àgbàdo tirẹ̀ gan-an ni àparò ń hú jù. Mo kúnlẹ̀, mo kí i, mo kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìwọ ọmọ yìí, ó ku kí o sọ iye ìyẹ́ tó wà lára wọn.”

“Mà, ẹ̀rí ni wọ́n ń fẹ́.”

“Ẹ̀rí kẹ̀. Bàbá mi ṣọdẹ títí ó fi kú. Kò sọ ibi tí àparò ń sùn fún èmi ọmọ bíbí inú ẹ̀.”

“Mà, ayé ọdẹ kọ́ la wà mọ́.”

Ó wò mí, ó ní kí n bá òun lé adìyẹ kúrò nídìí àgbàdo tí òun sá.

Ní Sátidé, lẹ́yìn ìmọ́tótó àyíká, akọ̀wé ka lẹ́tà mi sétí ìpàdé. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága ní, “Ó dáa, a ò sun ún mọ́. Olùkọ́ ti kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́.” Ó ya fọ́tò ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí Wọ́sáàpù. Mo rìn padà sílé bí ẹni tó jagun bọ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí ẹ̀yìn ògiri fi dákẹ́ láàárọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé òjò ni.

Lọ́jọ́ kan tí mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ọkọ̀ wa dúró ní Ibafo kí èrò kan lè sọ̀. Ọkùnrin kan na ìdì àparò sójú fèrèsé mi. “Mọ́mì, àparò tútù rè é o! Ọbẹ̀ ẹ̀ ò lẹ́gbẹ́!” Mẹ́rin ni, wọ́n fi okùn di ẹsẹ̀ wọn pọ̀. Ẹsẹ̀ ni mo wò. Ẹ̀gún méjì lọ́tùn-ún, ẹyọ kan lósì, èyí òkè ti kán.

“Níbo lẹ ti rí wọn?”

“Mowe níbí ni. Gáàdì àdúgbò kan ló ń kó wọn wá.”

Obìnrin tó jókòó tì mí fọwọ́ tọ́ mi. “Ẹ jẹ́ ká jọ rà á, ká pín in.” Mo fa fèrèsé pa.

Kí n tó dé géètì àdúgbò wa, mo ti to ẹ̀sùn mẹ́rin sílẹ̀ lọ́kàn. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. “Mọ́mì, ẹ káàbọ̀, mà.”

“Ṣé ìwọ lò ń dẹ okùn fún àparò?”

“Èmi ni, mà. Alága ní níwọ̀n ìgbà tí wọn ò sun igbó mọ́, kí n máa bá wọn fọgbọ́n dín ẹyẹ yẹn kù.”

“Ta ló fi ọ̀nà wọn hàn ọ́?”

Ó fa fóònù rẹ̀ yọ. Bírò pupa mi ni mo rí. “Ẹ̀yin náà ni, mà. Okùn mẹ́ta péré ni mo dẹ sójú ọ̀nà tẹ́ ẹ fà yẹn. Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lọ́gbọ́n, mà.”

Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ń dúpẹ́ ni. Mo fi ẹ̀sùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo gba ẹ̀yìn ògiri lọ. Ẹyin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà nídìí koríko, wọ́n tutù. Mo fi ìborùn kó wọn lọ bá ìyá arúgbó náà, bóyá adìyẹ rẹ̀ tó ń sàba lè bá wa sàba lé wọn kí wọ́n lè pa. Ó gbé ọ̀kan sétí, ó mì ín, ó gbé e kalẹ̀. Kò sọ pé òun kìlọ̀ fún mi. Ó fi ọkọ́ la ilẹ̀ nídìí àgbàdo, ó ní kí n kó wọn síbẹ̀.

Alága jẹ̀bi: ó ṣèlérí ohun kan, ó pàṣẹ òmíràn. Akọ̀wé jẹ̀bi: kò kọ ìlérí náà sínú ìwé ìpàdé. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú lẹ́tà kejì, orúkọ tèmi ni mo sì fi ṣáájú tiwọn. Lẹ́tà yìí kò ní àwòrán.

Láìpẹ́ yìí, mo tún gbọ́ igbe àparò kan. Ẹyọ kan ṣoṣo. Mo ti mọ ibi tó ti ń ké, mo sì ti mọ ibi tó ń gbà. Alága pàdé mi lọ́nà, ó ní, “Màdáámù, ṣé ó ṣì ku àparò kankan níbẹ̀ yẹn?”

Mo ní kò kù. Irọ́ ni mo pa fún un, n kò sì ní kọ ibi tí ẹyẹ náà wà síbí.