Ojú Tí Fọláyọ̀ Ń Dì Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápá Yìnyín

Ní ilé ìwòsàn tí Fọláyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Toronto, ojú rẹ̀ ni wọ́n fi ń yangàn. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni ó ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò láti àárọ̀, àṣìṣe kì í sì í wọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí Hafeez, kóòṣì họ́kì orí yìnyín ti àwọn ọmọbìnrin, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí àdúgbò Rexdale níbẹ̀, fi fa ìwé àkọsílẹ̀ lé e lọ́wọ́.

"Auntie, ojú mi kò lè ká gbogbo pápá; ohun tí ẹ bá rí ni kí ẹ kọ o, kì í ṣe ohun tí ẹ rò."

Àwọn ọmọ méjì tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ni àkọsílẹ̀ náà wà fún: Ìdẹ̀raolúwa, ọmọ Fọláyọ̀, ẹni ọdún mẹ́rìnlá, àti Michelle ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú ẹgbẹ́ àgbà. Apá kan ìwé wà fún ìkọlù, apá kejì fún ìdènà, ìyẹn kí ọmọ fi ara dí ohun tí wọ́n gbá.

Lẹ́yìn ìdíje mẹ́ta, Hafeez mi orí.

"Nínú ìkọlù, Ìdẹ̀ra fi Michelle sílẹ̀ jìnnà. Ṣùgbọ́n nínú ìdènà, Michelle ní mọ́kànlá, Ìdẹ̀ra ní òdo. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi ẹni tí kò lè dènà ṣọ́ ẹ̀yìn? Sátidé ni màá dárúkọ ẹni tó wọlé."

Fọláyọ̀ mọ ibi tí òdo náà ti wá. Rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbá le bí òkúta. Nígbàkígbà tó bá ń fò bọ̀ lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ńṣe ni Fọláyọ̀ máa ń dijú. Kó tó là á, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọkàn kan ní kó dákẹ́. Bó bá dákẹ́, ọmọ rẹ̀ á wà nínú ẹgbẹ́ kékeré wọn ní ìlú Ajax, eyín rẹ̀ á sì pé.

Nínú ọkọ̀, Ìdẹ̀ra ká ṣòkòtò sókè, ó fi ibi tó wú ní itan hàn án bí ẹni ń fi ẹ̀bùn hàn.

"Mummy, I blocked four! Ẹ rí i, àbí?"

"Mo rí i," ni Fọláyọ̀ wí. Irọ́ náà korò lẹ́nu rẹ̀.

Ní Sátidé, kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, ó lọ bá kóòṣì.

"Hafeez, òdo yẹn kì í ṣe ti ọmọ mi. Èmi ni mò ń dijú."

"Auntie! Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ojoojúmọ́ wo ẹ̀jẹ̀?"

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni."

Hafeez rẹ́rìn-ín títí. "Ó dáa. Ẹ lajú lónìí. Ohun tí ẹ bá rí ni màá lò."

Ó lajú. Ó rí ọmọdébìnrin gìrìwò kan tó gbá rọ́bà náà tagbáratagbára. Ó rí Ìdẹ̀ra tó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó gbọ́ "gbà!" Ọmọ náà ṣubú, kò mira. Omi bọ́ lójú Fọláyọ̀, ṣùgbọ́n kò dì í. Ìdẹ̀ra fọwọ́ tẹ yìnyín, ó dìde. Fọláyọ̀ fa ìlà kan sínú ìwé. Kí ìdíje tó parí, ìlà náà ti di mẹ́fà; ti Michelle jẹ́ mẹ́ta.

Orúkọ Ìdẹ̀raolúwa ni Hafeez pè. Ọmọ náà sáré wá, ó rọ̀ mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn.

"Mummy, Oakville la máa kọ́kọ́ bá gbá! Àwọn ọmọ ibẹ̀, they're huge!"

Fọláyọ̀ dì í mú gírígírí, kò fẹ́ fi í sílẹ̀.