Bí Mo Ṣe So Gìtá Ìjọ Mọ́ Ìbàdí Ara Mi

Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi kí ìyàwó mi tó bá mi sọ ọ́, torí tiẹ̀ máa ń gùn ju tèmi lọ. Mo fi àmùrè sùtánà mi so gìtá béèsì ìjọ mọ́ ìbàdí ara mi. Bẹ́ẹ̀ ni! Èmi, àgbàlagbà tí ọmọ rẹ̀ ti lọ sílé ọkọ, mo so gìtá mọ́ra bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́ igi, mo sì tún rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n.

Kí ló fà á? Ẹ̀rù ni. Ẹ má wulẹ̀ wá ìdí mìíràn.

Àwa aláṣọ funfun tó wà ní Aládé níbí, ẹ mọ̀ pé a kì í wọ bàtà wọ ilé Ọlọ́run. Ẹsẹ̀ lásán la fi ń kọrin, ẹsẹ̀ lásán la fi ń jó. Èmi ni mo ń gbá béèsì fún ẹgbẹ́ akọrin, gìtá olókùn mẹ́rin tí ohùn rẹ̀ máa ń tìsàlẹ̀ wá yẹn. Bẹ́líìtì tí mo fi ń gbé e kọ́ èjìká, awọ ni, ó ní ihò létí méjèèjì. Ihò yẹn la fi ń kọ́ bọ́tìnnì irin kékeré méjì tó wà lára gìtá, ọ̀kan lókè níbi ìwo rẹ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀ ìdí. Ihò awọ ti fẹ̀. Bí mo bá ti jó díẹ̀, awọ á yọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, gìtá á sì máa wá ilẹ̀ lọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó jábọ́, orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi ló bọ́ sí. Gbogbo ìjọ dúpẹ́ pé gìtá ò fọ́. Ṣé ẹnikẹ́ni bèèrè àtàǹpàkò? Rárá o! Wọ́n gbé gìtá, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, wọ́n fi aṣọ nù ún. Èmi wà nílẹ̀ níbẹ̀, mo di ẹsẹ̀ mú, Ìyá Ìjọ sì ní kí n rọra dìde kí n má baà tẹ wáyà.

Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń gbá a, ara bọ́tìnnì lojú mi máa ń wà, kì í sí lára adarí orin mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi tú àmùrè mi lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo fi ẹ̀gbẹ́ kan so ìdí gìtá, mo fi ẹ̀gbẹ́ kejì so ìbàdí, mo ta á ní kókó mẹ́ta. Mo ní ká wá wo bí yóò ṣe jábọ́.

Mo gbàgbé agogo.

Nínú ìjọ tiwa, bí agogo bá dún lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo èèyàn ló máa forí kanlẹ̀. Kò sí pé mò ń ṣe nǹkan lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń yára bọ́ gìtá lọ́rùn, mà á gbé e ti ògiri. Lọ́jọ́ yẹn, agogo dún, ọwọ́ mi lọ sí kókó àkọ́kọ́, kò tú. Kókó kejì, kò tú. Gbogbo ìjọ ti wà nílẹ̀, èmi nìkan ni mo dúró bí òpó iná. Kí ni kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀, mo forí balẹ̀ tòun ti gìtá. Bẹ́líìtì yọ́ lókè, orí gìtá já wálẹ̀, ó fi okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbá sìmẹ́ńtì. Sípíkà sì wà ní títàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ìró tó jáde! Nínú ìdákẹ́jẹ́ mímọ́ yẹn! Ìyá kan níwájú ké halelúyà, ó rò pé áńgẹ́lì ti bà sórí òrùlé. Ìró náà ò sì tètè lọ. Ó ń yí gbogbo ilé ká bí ẹni ń wá ẹni tó ṣe é. Mo ní kí n fi ikùn bò ó mọ́lẹ̀ kó lè dákẹ́, ìyẹn tún wá mú un kùn sí i.

Lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Àlàgbà, olórí àwọn àgbà ìjọ wa, pè mí. Bàbá kì í pariwo. Wọ́n ní gìtá ìjọ ti jábọ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ mi, ẹ̀ẹ̀kẹta ò gbọdọ̀ sí. Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, títí di ọjọ́ Ìkórè. Kí n gbé e lọ sílé, kí n wá nǹkan ṣe sí i, kí kíbọ́ọ̀dù máa dí àyè rẹ̀ ná. Bó bá tún fi lè jábọ́ lọ́jọ́ Ìkórè, yóò wọ inú àpótí, Bíọ́dún á sì máa fi ọwọ́ òsì gbá béèsì lórí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ títí lọ.

Bíọ́dún ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù fún wa. Tíṣà ni, ọmọ dáadáa sì ni, ìyẹn gan-an ló dùn mí. Ká ní èèyàn burúkú ni, ǹ bá rí ẹni bú. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n má bínú, òun kọ́ lòun bèèrè iṣẹ́. Ó tún bá mi gbé gìtá dé ẹnu ọ̀nà!

Ṣé ẹ rí i, nínú oko kòkó mi, òjò ni ọ̀gá. Nínú ilé, ẹ ti mọ ọ̀gá. Ẹ̀yìn gìtá yẹn nìkan ni mo ti ń sọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó ti lé ní ogún ọdún. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, kí ló kù? Bàbá kan tó wọ sùtánà.

Ni mo bá wọ mọ́tò, ó di Àkúrẹ́, ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta ohun èlò orin. Mo ní kó fún mi ní bẹ́líìtì tí kì í jábọ́. Ó ní kò sí bẹ́líìtì tí kì í jábọ́, àfi kéèyàn fi lọ́ọ̀kì sí i. Lọ́ọ̀kì kẹ̀? Ọkàn mi lọ sí àgádágodo tí mo fi ń ti ilé ẹrù kòkó. Mo bèèrè pé ta ni yóò wá máa di kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mú tí agogo bá dún. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wá àga jókòó.

Ó kó oríṣi mẹ́ta síwájú mi. Àkọ́kọ́, òrùka rọ́bà pupa. Èèyàn á kọ́ bẹ́líìtì tán, á wá fi rọ́bà há ẹnu bọ́tìnnì kí awọ má lè jáde. Èkejì, pílásítíìkì tó ń yí bí ìdérí ìgò, tó máa ń há bọ́tìnnì mọ́ra, kò sídìí láti tú nǹkan kan. Ẹ̀kẹta, irin. Ti onírin yìí, èèyàn gbọ́dọ̀ tú bọ́tìnnì àtijọ́ kúrò kó fi tuntun rọ́pò. Abala kejì á wà lára bẹ́líìtì. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á dún kẹ́, wọn ò sì ní tú àfi téèyàn bá fi ìka fa orí rẹ̀.

Ẹ ti mọ èyí tí mo yàn. Rọ́bà! Kò ní síkúrù, kò ní wàhálà, kò sí pé mò ń dá igi gìtá ìjọ lu. Obìnrin náà bèèrè irú ìjọ tí mò ń lọ. Mo sọ fún un. Ó rọra gba rọ́bà lọ́wọ́ mi, ó dá a padà sínú ike. Ó ní ẹni tó bá ń dúró gbá gìtá lè lo rọ́bà, àmọ́ àwa ń kúnlẹ̀, à ń forí kanlẹ̀, bí a bá dìde a tún ń fò. Ó ní ti pílásítíìkì, bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ bá a mu, ṣé mo wọn tèmi wá? Mo wo òkè àjà. Ta ló ń wọn bọ́tìnnì? Ó ní kí n gbé onírin, kí n sì rí i pé síkúrù rẹ̀ di igi mú dáadáa, torí bí síkúrù bá tú, tòun ti lọ́ọ̀kì ni gìtá máa jábọ́.

Mo gbé onírin. Títí mo fi padà dé Aládé ni mò ń tẹ̀ ẹ́ nínú àpò: kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ìyá tó jókòó tì mí bèèrè bóyá eyín ló ń dùn mí.

Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń wo gìtá, tí gìtá ń wò mí. Ìyàwó mi, aránṣọ ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń tú máṣíìnì rẹ̀ tó sì ń tò ó padà. Ó bèèrè bóyá mò ń dúró de wòlíì kó wá ya síkúrù sí mímọ́ ni. Ìtìjú yẹn ló gbé mi dìde.

Ti ìdí gìtá wọlé wẹ́rẹ́. Mo ti ń kọrin lábẹ́lẹ̀ nígbà tí mo dé ti òkè. Síkúrù ń yí, ó ń yí, kò di nǹkan kan mú. Ihò igi ti jẹ, ó ti gbòòrò ju síkúrù lọ! Mo ti ba gìtá Ọlọ́run jẹ́, mo tún ti tú bọ́tìnnì àtijọ́ tó wà níbẹ̀ kúrò. Kí ojú mi tó yí sí àmùrè tó wà lórí ìkọ́, ìyàwó mi ti dìde, ó ká àmùrè náà, ó sì jókòó lé e.

Ó wá mú orín tó fi ń rin eyín. Mo bèèrè bóyá gìtá náà ní eyín. Ìyàwó mi la orín náà sí wẹ́wẹ́, ó rì í sínú gọ́ọ̀mù kápẹ́ńtà, ó ń tì í bọ ihò títí ihò fi kún, ó fi bíléèdì gé èyí tó yọrí. Nígbà tó ṣe tán ló sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ lòun ṣe ilẹ̀kùn kíṣìnnì wa tó ń já nígbà kan. Ilẹ̀kùn tí mo ti ń yin kápẹ́ńtà fún láti bí ọdún mẹ́ta!

A fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó gbẹ. Mo fọwọ́ yí ìṣó tín-ín-rín sí àárín rẹ̀ kí síkúrù lè rí ọ̀nà, mo fi ọṣẹ pa síkúrù lára, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ó di í mú! Mo gbọ́ bó ṣe ń ké fín-ín bó ṣe ń wọ igi. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ máa fún un lọ. Ìyàwó mi gbá mi lọ́wọ́.

“Bàbá Dúpẹ́, ó tó. Ṣé ẹ fẹ́ kó yọ lódì kejì ni?”

Ó ku ti bẹ́líìtì. A ki abala kejì bọ ihò awọ, a fi wọ́ṣà tì í, a fi sípánà fún nọ́ọ̀tì rẹ̀. Mo tẹ́ fóòmù sílẹ̀ nínú pálọ̀, mo gbé gìtá kọ́, mo bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Mo fò. Mo kúnlẹ̀. Mo forí kanlẹ̀, mo dìde, mo tún forí kanlẹ̀. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ò mọ̀ pé mo máa ń gbàdúrà tó báyìí nílé.

Kò jábọ́. Lọ́jọ́ kẹta nọ́ọ̀tì kan ti dẹ̀ díẹ̀, mo tún un fún. Láti ìgbà náà, kò mira.

Ọjọ́ Ìkórè pé. Ilé Ọlọ́run kún, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún iwájú pẹpẹ. Mo gbé gìtá kọ́, kẹ́ lókè, kẹ́ nísàlẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbọ́ o, mi ò gbá nǹkan kan! Ọwọ́ òsì mi fún ọrùn gìtá pinpin, ọwọ́ ọ̀tún di ìwo rẹ̀ mú, mo dúró bí ẹni gbé ọmọ ikókó rékọjá odò. Lọ́ọ̀kì ti di gìtá mú, èmi náà sì di í mú. Ta ló máa wá gbá a?

Bíọ́dún wò mí. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ló ń gbá béèsì lọ́wọ́. Ó tún wò mí lẹ́ẹ̀kejì, ló bá gbé ọwọ́ òsì náà kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó fi pamọ́ sẹ́yìn. Orin ṣófo nísàlẹ̀ bí ilé tí wọ́n yọ ìpìlẹ̀ rẹ̀. Gbogbo akọrin yí ojú sí mi. Kí ni mo lè ṣe ju kí n tú ọwọ́ sílẹ̀ lọ? Mo tú u, mo gbá a. Gìtá dúró sáyè rẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Agogo dún. Mo kúnlẹ̀, mo forí kanlẹ̀ tòun ti gìtá, mo di ojú, mò ń dúró de ìró. Kò sí ìró kankan. Wọ́n ní àdúrà ọjọ́ yẹn gùn, ó sì lágbára. Mi ò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tèmi nìyí: ohun tó bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ má so ó mọ́ ìbàdí. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ wọn bọ́tìnnì yín kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ yẹ ihò síkúrù wò, ẹ má sì fi ìyàwó yín ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá mú orín lọ́wọ́. Tí ẹ bá wá fi lọ́ọ̀kì sí i tán, ẹ fọkàn tán an. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti fi okùn so rí tó yẹ kí ẹ fi síkúrù dè? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀ níbí, mi ò ní rẹ́rìn-ín púpọ̀.

Ẹ ó ní àwọn àgbà ìjọ ńkọ́? Lẹ́yìn ìsìn, wọ́n pe èmi àti Bíọ́dún. Ọ̀kan nínú wọn ní òun rí i pé gìtá ò jábọ́, àmọ́ kíbọ́ọ̀dù ti ń ṣe iṣẹ́ náà bọ̀ láìsí ewu, kí ló dé tí a ò kúkú gbé gìtá pamọ́? Bíọ́dún wolẹ̀. Gbogbo wa yíjú sí Bàbá Àlàgbà. Bàbá ń wo ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ títí ó fi parí. Wọ́n wá ní:

“Etí mi ti wúwo tipẹ́, mi ò kàn sọ fún yín ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ orin nínú ilé yìí. Gbogbo ọjọ́ tí gìtá yẹn ò fi sí, ẹnu yín lásán ni mò ń wò. Ẹ fi í sílẹ̀ kó máa gbá a.”